Níbo Ni Agbára Náà Wà? Ìmọ́lẹ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Mú Kọ́níà Le

Ìwé méjì kan kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìwé kìíní ni èyí tí ilé ìwòsàn fún wọn kí dókítà tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ọ̀tún ọmọkùnrin wọn tó ní keratoconus (àìsàn tó ń mú kí iwájú ẹyinjú rọ̀, kó fẹ́lẹ́, kó sì máa yọ ṣóńṣó), ó sì kà níbẹ̀ pé ìtọ́jú náà yóò mú kí kọ́níà ọmọ náà, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, túbọ̀ le. Ìwé kejì ni àbájáde àyẹ̀wò tó wáyé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Lára àyẹ̀wò ọ̀hún ni ti ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn fìrì sí ojú láti mọ bí kọ́níà ṣe le tó, iye tí ẹ̀rọ náà sì gbé jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi ohùn ránṣẹ́ tẹ̀ lé e: “Àbúrò mi, ṣé ó ti le ni àbí kò tíì le?”

Ìbéèrè náà kò ṣe é fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Bí mo bá ní ó ti le, àyẹ̀wò ẹ̀rọ kò gbè mí lẹ́yìn. Bí mo bá ní kò le, á jẹ́ pé mo ń sọ fún ìyá ọmọ pé asán ni gbogbo ìrora tí ọmọ rẹ̀ jẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí tí àwọn dókítà ojú ti kó jọ láti ogún ọdún ó lé kò gbà pé asán ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn olùwádìí ti kọ lórí rẹ̀, mo sì wá rí i pé kí a tó lè béèrè bí kọ́níà ṣe le tó, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ibi tí líle náà wà nínú rẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ ń rọ̀

Kọ́níà ènìyàn nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ díẹ̀ ní àárín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ òun ló ń ṣe nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ títẹ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú kó lè bọ́ sí ibi tó yẹ lẹ́yìn ẹyinjú. Fọ́nrán kọ́lájìn tó tín-ín-rín gan-an ló di awọ náà mú, wọ́n sì wà ní ìpele-ìpele, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ìpele lórí ara wọn. Ní apá iwájú, àwọn ìpele wọ̀nyí lọ́ mọ́ra, wọ́n ń gba inú ara wọn kọjá. Ní apá ẹ̀yìn, ṣe ni wọ́n kàn tẹ́ lé ara wọn. Ìdí nìyí tí iwájú kọ́níà fi le ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, kódà lójú tí kò ní àìsàn kankan.

Omi tó wà nínú ojú kì í sinmi títì awọ yìí síta. Lójú tó dá ṣáṣá, gbogbo awọ náà ló jọ ń pín ẹrù ọ̀hún, kò sì sí ibi tó gbé jù. Lójú tó ní keratoconus, ibi kan wà tó rọ̀ ju ìyókù lọ. Ẹni tó bá ti jókòó lọ́dọ̀ fọ́kanáísà rí yóò ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí tíúbù táyà tó ti gbó níbì kan: bí wọ́n bá ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wú, bí ó bá sì ti wú, rọ́bà ibẹ̀ á túbọ̀ fẹ́lẹ́, bí ó bá ti fẹ́lẹ́, atẹ́gùn kan náà tí ìyókù tíúbù ń gbà mọ́ra láìsí wàhálà á di ẹrù tó wúwo jù fún un, á sì tún wú sí i. Bí kọ́níà ṣe ń yọ ṣóńṣó nìyẹn. Àwọn olùwádìí méjì, Cynthia Roberts àti William Dupps, ṣe àlàyé àyípo yìí dáadáa nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 2014: ibi tó rọ̀ á nà, yóò fẹ́lẹ́, ẹrù orí rẹ̀ á pọ̀ sí i, á tún nà.

Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé kò dìgbà tí ìfúnpá inú ojú bá ga kí wàhálà tó dé. Ìfúnpá tí gbogbo ayé kà sí dáadáa ti tó láti ba kọ́níà bẹ́ẹ̀ jẹ́, bí ibi kan bá ti ń rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a dúró. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Èwe ni àìsàn yìí máa ń bá jà jù, nígbà tí ọmọ ń kàwé lọ́wọ́, tí ó sì jẹ́ pé ohun tí òbí kàn ń rí ni pé nọ́ńbà awò ojú rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Dresden

Ara ẹ̀dá fúnra rẹ̀ mọ bí a ṣe ń mú kọ́lájìn le. Bí a ṣe ń dàgbà ni àwọn fọ́nrán náà ń so mọ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì wà lára ìdí tí keratoconus fi sábà máa ń dáwọ́ dúró bí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ náà a máa so kọ́lájìn pọ̀, wọ́n sì ti kíyè sí i pé keratoconus kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàrin wọn. Ní àwọn ọdún 1990, ní ìlú Dresden ní Jámánì, Theo Seiler, Eberhard Spoerl àti Gregor Wollensak ń wá ohun tí yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún yẹn láàárín wákàtí kan.

Riboflavin, ìyẹn fítámì B2, àti ìmọ́lẹ̀ ultraviolet A, irú ìmọ́lẹ̀ inú oòrùn tí ojú wa kò lè rí, ni wọ́n mú. Dókítà á kọ́kọ́ kán oògùn tó ń pa ìrora sí ojú, á wá ha awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo iwájú kọ́níà kúrò, ní fífẹ̀ mìlímítà 8 sí 9. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọn yóò máa kán riboflavin tó jẹ́ ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún sí i lemọ́lemọ́. Kí wọ́n tó tan ìmọ́lẹ̀, dókítà á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ojú ní tòsí wo inú ojú náà, bóyá àwọ̀ ìyèyè oògùn náà ti kọjá kọ́níà dé inú omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti dé ibẹ̀, ó ti gba inú gbogbo awọ náà já nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá tan ìmọ́lẹ̀ tó ní agbára mílíwáàtì 3 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn.

Iṣẹ́ méjì ni riboflavin ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì ń fi agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ láàárín àwọn fọ́nrán. Òun náà ló sì ń gba ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún tán kó má bàa dé ẹ̀yìn kọ́níà, níbi tí ìpele sẹ́ẹ̀lì kan wà tí kì í hù padà bí ó bá kú. Nítorí ìyẹn ni wọ́n fi ṣòfin pé kọ́níà tí kò bá nípọn tó 400 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) kò gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú náà bó ṣe wà. Àwọn mìíràn máa ń lo oògùn tó ń mú kí kọ́níà fa omi kó lè wú díẹ̀ ná.

Ní ọdún 2003, wọ́n ròyìn ojú mẹ́tàlélógún lára àwọn aláìsàn méjìlélógún tí wọ́n tọ́jú: àìsàn náà dúró lójú gbogbo wọn, ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ojú náà sì tẹ́ padà ní nǹkan bí dioptre 2 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka nọ́ńbà awò ojú). Lọ́dún kan náà, wọ́n gé kọ́níà òkú ènìyàn àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fà á lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì rí i pé ti ènìyàn tó ti gba ìmọ́lẹ̀ le ní ìlọ́po 4.5 ju èyí tí kò gbà á lọ. Ti ẹlẹ́dẹ̀ kò ju ìlọ́po 1.8 lọ.

Mo dúró pẹ́ lórí ìyàtọ̀ méjì yìí. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, oògùn kan náà ni. Kí ló wá fa á tí ti ẹlẹ́dẹ̀ fi kéré bẹ́ẹ̀? Kọ́níà ẹlẹ́dẹ̀ nípọn ju ti ènìyàn lọ, ìmọ́lẹ̀ kò sì ń ṣiṣẹ́ kọjá nǹkan bí 300 micron láti iwájú. Lójú ènìyàn, èyí ju ìdajì awọ náà lọ. Lójú ẹlẹ́dẹ̀, ìpín kékeré ni. Apá iwájú nìkan ló ń le, a sì ń da ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti apá ẹ̀yìn tí kò le. Iye kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò lè sọ ìyẹn fún ẹni tó kà á.

Ìmọ́lẹ̀ pọ̀, agbára kò pọ̀

Ọ̀rọ̀ tó wá yí èrò mi padà pátápátá jẹ́ ti ìkánjú. Wákàtí kan lórí ìdùbúlẹ̀ gùn, pàápàá fún ọmọdé, nítorí náà àwọn dókítà wá ọ̀nà láti dín in kù. Ìṣirò wọn bọ́gbọ́n mu: mílíwáàtì 3 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ àpapọ̀ agbára joule 5.4 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró. Mílíwáàtì 9 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ iye kan náà, mílíwáàtì 18 fún ìṣẹ́jú márùn-ún náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí àpapọ̀ bá dọ́gba, ó yẹ kí àbájáde dọ́gba.

Kò dọ́gba. Nígbà tí Hammer àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ dán ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lórí kọ́níà ẹlẹ́dẹ̀ ní ọdún 2014, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń le sí i tí àkókò sì ń kúrú ni líle awọ náà ń dín kù, débi pé ti ìṣẹ́jú márùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí kọ́níà tí kò gba ìmọ́lẹ̀ rárá. Mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo tún ṣí i kà. Gbogbo agbára ìmọ́lẹ̀ náà wọlé, kò sì sí ohun tó bá a dọ́gba nínú awọ.

Ọ́síjìn ló fà á. Bí riboflavin bá ti gba ìmọ́lẹ̀, ọ́síjìn ló máa ń nílò láti dá àwọn ìsopọ̀ náà sílẹ̀. Láti inú atẹ́gùn tó yí wa ká ni ọ́síjìn kọ́níà ti ń wá, nítorí kọ́níà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Ṣe ló ń rọra wọ inú awọ láti iwájú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti tàn, láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan ni èyí tó wà nínú awọ náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, iṣẹ́ á wá di ti ìwọ̀nba tó bá ń wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tó le ń jẹ ọ́síjìn kíákíá ju bó ṣe lè wọlé lọ. Ìyókù ìmọ́lẹ̀ náà kò wá rí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ìwádìí mìíràn tí Richoz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2013 fi ìdí èyí múlẹ̀: níbi tí wọ́n ti lé ọ́síjìn jáde kúrò níwájú kọ́níà kí wọ́n tó tan ìmọ́lẹ̀, kọ́níà kò le sí i rárá.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìgbà tí mo ka èyí ni mo mọ̀ pé a kò lè fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó wọlé díwọ̀n agbára tó jáde. Ó tún yé mi ìdí tí apá iwájú fi ń le ju ẹ̀yìn lọ: iwájú ni ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, iwájú ni oògùn ti pọ̀ jù, iwájú náà ni ọ́síjìn ti kọ́kọ́ ń dé. Ìdí kan náà ló mú kí ọ̀nà tí wọn kì í fi í ha awọ òde kúrò máa ní agbára díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni kò ní ìrora púpọ̀: awọ òde yẹn ń dí oògùn lọ́nà, ó ń gba lára ìmọ́lẹ̀, ó sì tún ń lo ọ́síjìn fún ara rẹ̀. Àwọn kan ti wá ń tan ìmọ́lẹ̀ náà kí wọ́n tún pa á, títàn pípa títàn pípa, kí ọ́síjìn lè ráàyè wọlé padà láàárín. Àwọn mìíràn ń fẹ́ ọ́síjìn sí iwájú ojú nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà lórí rẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún ọ̀nà oníṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń lò ó lónìí, àìsàn náà sì ń dúró lójú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá lò ó fún. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí tí wọ́n bá sọ fún pé ọ̀nà kíákíá àti ọ̀nà pípẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà nínú awọ, kó sì bi dókítà léèrè èwo ni wọ́n fẹ́ lò àti ìdí rẹ̀.

Ìdí tí ẹ̀rọ atẹ́gùn kò fi rí i

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ìwé kejì ẹ̀gbọ́n mi kò rú mi lójú mọ́. Atẹ́gùn tí ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́ ń tẹ gbogbo àárín kọ́níà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹyinjú ló sì ń dáhùn: awọ funfun ojú, omi inú rẹ̀, ìfúnpá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àti kọ́níà fúnra rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lára ohun tó ń wọ̀n ni bí awọ náà ṣe ń gbé agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mì kó tó padà sí àyè rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú bí ó ṣe le tó. Kọ́níà tún sábà máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú, èyí sì lè bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni irú àbájáde bẹ́ẹ̀ bá. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ló ti lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú tí wọn kò rí ìyípadà tó ṣe kedere.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tí mo nírètí nínú rẹ̀ gidigidi. Giuliano Scarcelli àti Seok Hyun Yun ní Amẹ́ríkà ń tan ìmọ́lẹ̀ tó rọra sí kọ́níà, wọ́n ń kíyè sí ìyípadà kékeré tó bá èyí tó ń padà bọ̀, nítorí ìyípadà náà ń tẹ̀ lé bí awọ ibi tó ti padà ṣe le tó. Kò fọwọ́ kan ojú, ó sì lè sọ ti ibì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó fi hàn lójú àwọn tó ní keratoconus ni pé orí ṣóńṣó náà ló rọ̀. Bí a bá jìnnà díẹ̀ sí i, kọ́níà kan náà le bíi ti ẹni tí kò ní àìsàn. Lára kọ́níà tó ti gba riboflavin àti ìmọ́lẹ̀, ó fi hàn pé apá iwájú ló le sí i, tí líle náà sì ń dín kù bí ó ti ń lọ sẹ́yìn.

Nígbà náà, kí ni dókítà ń wò láti mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti jẹ́? Ìrísí kọ́níà ni. Ìrísí yẹn sì lè kọ́kọ́ burú díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ kó tó padà bọ̀ sípò, nítorí náà kò yẹ kí ìyá ọmọ fi ìwé oṣù kan péré da ara rẹ̀ láàmú. Bí ìrísí náà bá dúró fún ọdún kan, méjì, mẹ́ta, agbára ti dé ibi tó yẹ kó dé. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọgọ́ta ọmọ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 10 sí 16, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021, àìsàn náà tẹ̀ síwájú lára ọmọ méjì péré nínú àwọn tó gba ìmọ́lẹ̀ láàárín oṣù méjìdínlógún. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní awò tàbí lẹ́ńsì nìkan, ọmọ méjìlá ló tẹ̀ síwájú lára wọn. N kò mọ ẹ̀rí mìíràn tó yẹ kó fi òbí lọ́kàn balẹ̀ ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣèlérí fún ọmọ pé kò ní lo awò mọ́. Kọ́níà tó ti yọ ṣóńṣó kò ní tẹ́ padà bíi ti ọjọ́ tí wọ́n bí i; dídá a dúró ni iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà, èyí tó bá tẹ́ padà lé e, èrè ni.

Ọwọ́ tó ń ra ojú

Ohun kan kù tí kò sí nínú ìwé méjèèjì, èmi ni mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè rẹ̀: ṣé ọmọ náà ṣì ń fọwọ́ ra ojú? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá lóru, pé láti kékeré ni ojú ti máa ń yún un. Nílé wa ní Nàìjíríà, ọmọ tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n tó sì máa ń yún un lọ́dọọdún pọ̀ jọjọ, a kì í sì í kà á sí nǹkan kan ju kí a ní kó lọ bọ́jú. Bẹ́ẹ̀ fífọwọ́ ra ojú wà lára ohun tí àwọn dókítà so mọ́ keratoconus jù lọ. Ìka ọwọ́ a máa gbé ìfúnpá inú ojú sókè lọ́pọ̀lọpọ̀ láàárín ìgbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́, orí ibi tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ni ẹrù ọ̀hún ń bọ́ sí.

Ìmọ́lẹ̀ kò wo ojú yíyún sàn. Kọ́níà tí wọ́n ti mú le lè gba ẹrù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n apá ẹ̀yìn rẹ̀ kò le sí i tó bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ bá sì ń tẹ̀ ẹ́ lálaalẹ́, àyípo tí wọ́n dá dúró lè tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi béèrè oògùn tó ń mú ojú yíyún rọlẹ̀ lọ́wọ́ dókítà nígbà tí wọ́n bá padà lọ, kí wọ́n sì sọ fún un pé ọmọ ń ra ojú lóru, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ojú òsì rẹ̀ kò tíì gba ìmọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣọ́ ìyẹn náà, kí wọ́n tọ́jú gbogbo àwòrán kọ́níà tí ilé ìwòsàn bá yà, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè gbé ti ọdún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀.